Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó Fi Ìrònú Wọ Inú Irin

Àsọyé tí a bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Èrìò-Èkìtì



Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé kò sí agbo ilé kan ní Èkìtì tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò ti inú rẹ̀ jáde. Àsọdùn díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kọ mí lóminú. A mọ orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa, a sì mọ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí ilé nígbà ọdún, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó lè sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí a tó fi oyè náà dá wọn lọ́lá. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le jù bí ó bá kan àwọn onímọ̀ físíìsì tí wọn kì í lo ẹ̀rọ, tí ó jẹ́ pé ìwé, kálàmù àti ìrònú nìkan ni irinṣẹ́ wọn. Nígbà tí ọmọ kan bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ ṣe, bàbá a máa dáhùn pé, “Kí ni a ó fi í jẹ?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ìdáhùn sí i ni mo bá wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ Ìkògòsì, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun níbẹ̀ láti inú ilẹ̀, omi tútù ń ṣàn nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé ara wọn. Bí onímọ̀ físíìsì méjì bá lọ sí ibẹ̀, èkínní lè mú ohun èlò tí a fi ń wọn ìgbóná dání, kí ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó sì kọ iye tí ó rí sílẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì ni. Èkejì lè jókòó sí abẹ́ igi, kí ó mú ìwé àti kálàmù, kí ó sì béèrè pé: Èéṣe tí omi yìí fi gbóná nígbà tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀? Bí ìwọ̀n omi gbígbóná báyìí bá pàdé ìwọ̀n omi tútù báyìí, báwo ni àpapọ̀ wọn yóò ti gbóná tó? Yóò rántí pé inú ilẹ̀ a máa gbóná sí i bí a bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀, àti pé ìgbóná tí omi kan pàdánù ni omi kejì jèrè. Yóò wá ṣírò pé bí omi méjì tí ó dọ́gba bá dàpọ̀, tí ọ̀kan wà ní ìwọ̀n 60, tí èkejì wà ní ìwọ̀n 20, tí afẹ́fẹ́ kò sì gba ohunkóhun nínú ìgbóná náà, àpapọ̀ wọn yóò wà ní ìwọ̀n 40. Kò tíì fi ọwọ́ kan omi rárá tí ó fi sọ èyí.

Lẹ́yìn náà ni èkínní yóò lọ wọ̀n ọ́n. Bí ohun tí ó rí bá bá ìṣirò mu, ìmọ̀ ti tẹ̀ síwájú. Bí kò bá bá a mu, a ó yẹ ìwọ̀n náà wò, a ó sì yẹ ìṣirò náà wò. Bí ìwọ̀n bá sì tọ́, ìṣirò ni yóò kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ì báà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó dàgbà jùlọ ni ó ṣe é. Ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi yìí ni à ń pè ní onímọ̀ físíìsì ti ìrònú. Ó yàtọ̀ sí ẹni tí ń méfò, nítorí pé ohun tí ó bá sọ ni a lè dán wò.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Obiefoka Enukora Animalu. A bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1938 ní ìlú Oba, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Anambra lónìí. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì, kì í sì í ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti gba oyè rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ní àkókò tí oyè ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì jẹ́ oyè Yunifásítì London. Ilẹ̀ wa ni ó ti jẹ oúnjẹ ìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ipò gíga. Nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀ nínú rẹ̀, a sì ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ lára rẹ̀.

Láti Ìbàdàn ó lọ sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Cavendish. Ibi àgbàyanu ni ibẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1897 ni J. J. Thomson ti fi hàn níbẹ̀ pé ohun kékeré kan wà tí ó kéré púpọ̀púpọ̀ sí átọ́ọ̀mù, tí ó sì ń gbé agbára iná mànàmáná. Ohun náà ni à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà náà tí ọmọ Nàìjíríà yìí fi dé ibẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwádìí bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí kan náà ṣe ń rìn nínú irin, òjé, alumíníọ́ọ̀mù àti àwọn ohun mìíràn tí wọ́n bá wọn tan. Ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni Volker Heine, ẹni tí a bí ní Jámánì tí ó sì dàgbà ní New Zealand.

Kí ni ìṣòro tí wọ́n dojú kọ? Ẹ jẹ́ kí a fi ààfin ṣe àpèjúwe. Ẹ ka átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sí ààfin kan. Ọba wà ní ìyẹ̀wù inú lọ́hùn-ún. Àwọn tí ó súnmọ́ ọba pẹ́kípẹ́kí kì í jáde. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n lè rìn lọ, rìn bọ̀. Ọba ni àárín átọ́ọ̀mù, àwọn yòókù ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú irin àti àwọn ìbátan rẹ̀, àwọn ààfin tò tì ara wọn lọ bẹẹrẹbẹ, àwọn ará ẹnu ọ̀nà sì ti fi ààfin tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń kiri láti ààfin kan dé òmíràn bí oníṣòwò tí ń ná ọjà Èrìò lónìí tí yóò ná ọjà Arámọkọ lọ́la. Àwọn oníkirì yìí ni wọ́n ń gbé iná mànàmáná kọjá nínú wáyà. Àwọn kan náà ni wọ́n ń gbé ìgbóná láti ìdí ìkòkò dé etí rẹ̀, tí etí ìkòkò fi ń jó wa lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣírò ìrìn wọn, ó gbọ́dọ̀ mọ agbára tí ààfin kọ̀ọ̀kan fi ń fà wọ́n mọ́ra. Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìyẹ̀wù ààfin díjú tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò rẹ̀ fi ń sú ènìyàn. Ní ọdún 1964, Heine àti onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Abarenkov mú àbá kan wá. Wọ́n ní: Oníṣòwò tí ń kọjá kò nílò láti mọ gbogbo àṣírí ìyẹ̀wù; ohun tí ó kàn án ni bí ààfin náà ti ṣe sí i nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan tí ó rọrùn rọ́pò inú ààfin nínú ìṣirò wa, kí a sì yan agbára rẹ̀ kí ó lè bá ohun tí a ti wọ̀n lára átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo mu, èyíinì ni ìmọ́lẹ̀ tí irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ máa ń tàn jáde.

Àbá dára, ṣùgbọ́n àbá nìkan kì í kọ́ ilé. Àwọn oníṣòwò náà pọ̀. Wọ́n máa ń ṣù yí ààfin ká, ṣíṣù wọn a sì máa dín agbára tí àwọn tí ó wà lókèèrè ń rí kù, gẹ́gẹ́ bí èrò tí ó kún iwájú ààfin kì í ti í jẹ́ kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn gbọ́ ohùn ọba dáadáa. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣírò èyí pẹ̀lú, kí ó ṣe é fún irin kan, kí ó tún ṣe é fún òmíràn. Èyí ni Animalu ṣe pẹ̀lú Heine. Ní ọdún 1965 wọ́n tẹ iye tí wọ́n rí jáde fún ohun ìpìlẹ̀ 25, tí alumíníọ́ọ̀mù àti òjé wà lára wọn. Ọmọ ọdún 27 péré ni Animalu ní ọdún náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ní ibikíbi láyé tí ó bá fẹ́ ṣírò bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé iná, bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, tàbí bí yóò ti rí nígbà tí iná bá yọ́ ọ, lè ṣí àwọn ojú ìwé wọnnì kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀. Orúkọ ọmọ ìlú Oba sì wà lára àkọ́lé ọ̀nà ìṣirò náà títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1973 ó mú irú ìṣirò yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn irin tí ó ṣòroó ṣírò jù, àwọn tí irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ wà láàárín wọn. Ní ọdún 1977 a tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, Intermediate Quantum Theory of Crystalline Solids, tí ó kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lépa oyè gíga.

Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970 ni ó sì ti padà sí Nàìjíríà, sí Yunifásítì ti Nsukka. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Yunifásítì náà, tí a ṣí ní ọdún 1960, wà ní agbègbè tí ogun abẹ́lé ti ọdún 1967 sí 1970 bà jẹ́ gidigidi. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ tí ó dára ní Amẹ́ríkà kò fi dandan ní láti wá sí irú ibẹ̀. Ó wá, ó kọ́ni, ó tọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sọ́nà títí ó fi fẹ̀yìn tì, orílẹ̀-èdè yìí sì fi oyè Nigerian National Order of Merit dá a lọ́lá.

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìyà tí ó ń jẹ onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ kọjá àìní owó. Àìní ẹgbẹ́ ló burú jù. Abdus Salam, ọmọ ilẹ̀ Pakistan, mọ èyí ní ara rẹ̀. Ó kọ́ni ní Lahore, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí ó lè bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí Cambridge ní ọdún 1954. Dípò kí ó gbàgbé àwọn tí ó fi sílẹ̀, ó sa gbogbo ipá rẹ̀ títí a fi dá ibùdó físíìsì ti ìrònú sílẹ̀ ní Trieste, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1964, kí àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ lè máa lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n pàdé ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n sì lè padà sí ilé láìjẹ́ pé wọ́n ṣí kúrò ní ilé pátápátá. Ní ọdún 1979 Salam gba ẹ̀bùn Nobel.

Ní Ghana, aládùúgbò wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Francis Allotey rìn ní irú ọ̀nà yìí. A bí i ní Saltpond, ìlú kékeré létí òkun, ní ọdún 1932. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìtàwé, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti ń ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó gba oyè dókítà ní Princeton ní ọdún 1966, ó sì padà lọ kọ́ni ní Kumasi, níbi tí ó ti wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wọ Ghana. Ní ọdún 1973 ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ti Prince Philip nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí ìtànṣán tí ó jẹ mọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú ohun líle. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2017, gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó dárò rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan méjì nípa Animalu tí kì í sábà sí nínú oríkì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Èkínní ni pé kì í ṣe gbogbo àbá rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́wọ́ gbà. Ní ọdún 1986 a ṣe àwárí àwọn ohun kan tí iná mànàmáná lè gbà kọjá láìpàdánù rárá, láìjẹ́ pé a mú wọn tutù tó bí ti àtijọ́. Animalu wà lára àwọn tí ó dábàá ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àbá tirẹ̀ kò di èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ tẹ̀lé, títí di òní sì ni wọn kò tíì fẹnu kò sí àlàyé kan. Kí ọmọ ilé-ìwé má ṣe rò pé ẹni ńlá ni ẹni tí kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn rí. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tí a kò bá jiyàn ni ẹni tí kò sọ ohun titun kankan.

Èkejì ni pé kò ka ìmọ̀ àwọn bàbá rẹ̀ sí ohun ìgbàgbé. Ní ọdún 1990 a pè é láti sọ Àsọyé Ahiajoku, àsọyé ọdọọdún tí ó ga jù nípa àṣà àti èrò àwọn Ìgbò. Àkọ́lé tí ó fún un, Ucheakonam, ti inú èdè Ìgbò wá, ó sì sọ̀rọ̀ nípa èrò inú àti ọ̀nà ìgbé ayé ní àkókò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwa Yorùbá náà ní irú ẹ̀rí yìí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin òbí, mo padà sí ìbéèrè yín: Kí ni a ó fi í jẹ? Òtítọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó ra ìṣirò ọdún 1965 yẹn ní ọjà. Ṣùgbọ́n láìsí ìmọ̀ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn nínú ohun líle, a kì bá tí ní rédíò kékeré tí ń bẹ lápò àgbẹ̀, a kì bá tí ní tẹlifóònù alágbèéká, bẹ́ẹ̀ ni a kì bá tí ní àwọn páálí tí ń sọ oòrùn di iná, tí ẹ ti rí lórí òrùlé báyìí. Kì í ṣe ẹnìkan ni ó kọ́ ilé yìí. Bíríkì kan níhìn-ín, bíríkì kan lọ́hùn-ún ni, ọmọ Nàìjíríà sì mú bíríkì tirẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ gbin kòkó mọ̀ pé ọjọ́ tí a gbin igi kì í ṣe ọjọ́ tí a ń ká èso rẹ̀. Síbẹ̀ bàbá yín gbìn ín, ẹ̀yin sì fi owó rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

N kò sọ pé kí gbogbo ọmọ di onímọ̀ físíìsì. Ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ń fojú sọ́nà fún owó oṣù rẹ̀ kò ṣẹ̀ bí ó bá yan iṣẹ́ tí ń tètè mówó wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn náà kí ọmọ tó dé ẹnu rẹ̀. À ń tì í nígbà tí a bá sọ fún ọmọdébìnrin pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin. À ń tì í nígbà tí a bá fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ó ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀. À ń tì í nígbà tí ilé-ìwé bá wà láìní olùkọ́ físíìsì fún ọdún púpọ̀, tí àwa tí a wà nílùú kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, nígbà tí ó jẹ́ pé a kì í gbàgbé láti béèrè nípa ọ̀nà ọkọ̀ àti omi ẹ̀rọ.

Nínú gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, èyí ni irinṣẹ́ rẹ̀ pọ́ọ́kú jùlọ. Kò béèrè ilé ìwádìí olówó iyebíye ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwé díẹ̀ tí ó dára, àtùpà, àkókò, àti àgbàlagbà kan tí kò ní sọ fún ọmọ pé àkókò rẹ̀ ń ṣòfò. Láti ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, a ti ń fi hàn ní ilẹ̀ yìí pé ìlú lè gbé ọmọ kan dìde. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú yàn láti ra ìwé físíìsì àti ti ìṣirò fún ilé-ìwé wa. Kí àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ mọ̀ sí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ìṣirò yín dáadáa, nítorí òun ni èdè tí ayé fi ń dá wa lóhùn. Bí ẹ bá tún dé Ìkògòsì, ẹ wẹ̀, ẹ ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìbi ara yín léèrè ìdí tí omi náà fi gbóná.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn olùkọ́ wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ìlú yìí máa tòrò.